Wíwọn Ewu Àrùn Iyè Rírà: Láti Ìdíkàn dé Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lónìí, orí àgbà gan-an ni a fẹ́ yẹ̀ wò, kí tirẹ̀ náà má baà wọ́ lójú ọmọ.

Ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n níbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ìlera àgbà. Ẹni tó tọ́jú òbí tó ṣarán títí òbí náà fi kú ló sábà máa ń bi í, ohùn rẹ̀ a sì rẹlẹ̀: "Ṣé èmi náà kò ní í ṣarán báyìí?" Àwọn tó wà nítòsí a yára da àdúrà bò ó pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àmín là ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ní ìdáhùn nínú ìmọ̀, ìdáhùn ọ̀hún ni mo wá sọ. Kò sí ọmọ ènìyàn tó lè sọ fún ẹnì kan pàtó pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí a wọn ewu tó wà fún un. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni pé òṣùwọ̀n tí yóò bá ara wa mu ni kí a fi wọ̀n ọ́n, àti pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó yẹ kí ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ wọ̀n kò kọjá agbára ilé ìwòsàn àdúgbò.

Àrùn ni, kì í ṣe ọjọ́ orí

Gbogbo àgbà ló ń gbàgbé ibi tó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sí. Ìyẹn kì í ṣe àrùn. Ó di àrùn nígbà tí ìyá tó ti ń ta ẹ̀fọ́ fún ọgbọ̀n ọdún kò bá mọ ṣẹ́ńjì í fúnni mọ́. Tí baba tó ti ń gbé ní Ṣógúnlẹ̀ láti ìgbà èwe bá lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé, tí kò mọ̀nà padà wálé. Tí ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí oníwà tútù bá ń fi ẹ̀sùn olè kan ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwa Yorùbá mọ ipò yìí. A máa ń sọ pé iyè onítọ̀hún ń rà, pé ó ti ń ṣarán. Dementia ni àwọn dókítà ń pè é, ó sì ju oríṣi kan lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti Alzheimer, níbi tí àwọn èròjà kan ti ń gbá jọ sínú ọpọlọ, tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Òmíràn ń wá nígbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ bá bàjẹ́, pàápàá lẹ́yìn rọpárọsẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ àgbà, méjèèjì ló jọ ń rìn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn mílíọ̀nù 57 ló ní àrùn yìí káàkiri ayé ní ọdún 2021, àti pé ó ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún wọn lọ tó ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ sí. Kì í ṣe àrùn òyìnbó, nígbà náà. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́. Ìyá àgbà tí a bá lẹ́bàá títì ní ìdájí, tí kò lè sọ ibi tó ti ń bọ̀, kò fò wá láti ibì kankan. Ilé ló ti jáde, iyè rẹ̀ ni kò jẹ́ kó mọ̀nà ilé mọ́. Ẹni tó bá sọ òkúta lù ú, aláìsàn ló sọ lókùúta.

Ohun méjì sì wà tí a kò gbọdọ̀ pò mọ́ra. Ọ̀tọ̀ ni kí a yẹ ènìyàn wò bóyá àrùn náà ti wà lára rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí a wo ẹni tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, kí a sọ bí ewu rẹ̀ ṣe pọ̀ tó ní ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún sí i. Èyí èkejì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a óò rí i pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà.

Òṣùwọ̀n àwọn ará òkèèrè

Ní ọdún 2006, onímọ̀ ìṣègùn Miia Kivipelto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òṣùwọ̀n kan jáde ní ilẹ̀ Finland. CAIDE ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó wà ní agbedeméjì ọjọ́ orí ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe arúgbó. Wọ́n ń wo ọdún tó ti lò láyé, iye ọdún tó fi kàwé, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ìfúnpá rẹ̀, bó ṣe sanra tó, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àti bó ṣe ń lo ara tó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Àròpọ̀ wọn ló ń sọ ewu tó wà fún un ní ogún ọdún sí i. Láti ìgbà náà, Australia ti ṣe tirẹ̀, àwọn ará Oxford náà sì gbé òmíràn jáde ní 2023 láti inú àkọsílẹ̀ ìlera àwọn ará Britain.

Báwo ni a ṣe ń ka èsì irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo danfo kan tí táyà rẹ̀ ti jẹ, tí bíréèkì rẹ̀ kò sì mú dáadáa. Mẹkáníìkì kò lè sọ pé ọjọ́ báyìí ni yóò ní ìjàǹbá. Ó lè ná Òṣòdì fún ọdún méjì gbáko kí ohunkóhun má ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ọgọ́rùn-ún irú danfo bẹ́ẹ̀ sójú títì, kí a kó ọgọ́rùn-ún mìíràn tí a tọ́jú sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbogbo wa la mọ apá tí ìjàǹbá yóò ti pọ̀ jù. Ewu nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, a kàn ń fi tọ́ ẹnì kan sọ́nà ni. Ẹni tí máàkì ewu rẹ̀ pọ̀ lè pé àádọ́rùn-ún ọdún láyé kí iyè rẹ̀ ṣì jí pépé. Ẹni tí tirẹ̀ kéré sì lè ṣàìsàn. Síbẹ̀ mẹkáníìkì tó ní kí a pààrọ̀ bíréèkì kò purọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé ara àwọn tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n náà ni wọ́n ti mú máàkì inú rẹ̀. Nínú CAIDE, ẹni tí kò kàwé ju ọdún mẹ́fà lọ ti gba máàkì ewu mẹ́ta lójú ẹsẹ̀. Bí a bá gbé e wá sí ọjà Òṣòdì bẹ́ẹ̀, ìyá tó ń ṣírò èrè lórí láìlo bírò ti gba máàkì ewu kó tó jókòó. Ṣé òótọ́ ni èsì bẹ́ẹ̀ yóò sọ nípa rẹ̀? Àwọn onímọ̀ ti bi irú ìbéèrè yìí rí, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti rí ìdáhùn.

Ohun tí Ìdíkàn fi han ayé

Ní ọdún 1992 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntòkun ti Yunifásítì Ìbàdàn, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, àti Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan. Àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 sókè ní àdúgbò Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, ni wọ́n wò, wọ́n sì wo irú ẹgbẹ́ wọn láàárín àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbé ní ìlú Indianapolis. Ìdí tí wọ́n fi yàn wọ́n kò fara sin. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá adúláwọ̀ Amẹ́ríkà lẹ́rú. Ìran wọn sún mọ́ra. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé àti ìgbé ayé wọn ló yàtọ̀.

Òṣùwọ̀n ló kọ́kọ́ dá wọn dúró. Ìdánwò tó wà nílẹ̀ nígbà náà ń ní kí ènìyàn kàwé, kí ó kọ gbólóhùn, kí ó ya àwòrán. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn àgbà Ìdíkàn kò sì rí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀. Bí a bá fi irú ìdánwò yẹn wò wọ́n, àìkàwé ni a óò máa wọ̀n, a ó sì máa pè é ní àìsàn. Onímọ̀ kan, Kathleen Hall, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe irú èyí tó yàtọ̀ láàárín àwọn Cree, ọmọ onílẹ̀ Canada. Òun ni wọ́n tún tò sí èdè Yorùbá. CSI-D ni wọ́n ń pè é. Ẹnu ni wọ́n fi ń bi ìbéèrè, lórí ohun tí ará àdúgbò mọ̀. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò pe ẹni tó ń gbé pẹ̀lú àgbà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn yóò bi í: Ǹjẹ́ ìṣesí wọn ti yí padà? Ṣé wọ́n ṣì ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀? Nígbà tó tó àsìkò láti wo bí ojú àti ọwọ́ ṣe ń gbọ́ràn sí ọpọlọ lẹ́nu, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olusegun Baiyewu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa bírò àti ìwé tì. Igi ìṣáná ni wọ́n tò síwájú àgbà, tí wọ́n ní kí ó to tirẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èsì àkọ́kọ́ jáde ní 1995. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ìṣirò tó mú ọjọ́ orí àwọn ìlú méjèèjì dọ́gba, ìdá 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà Ìdíkàn ló ní àrùn iyè rírà. Láàárín àwọn tó ń gbé nílé ara wọn ní Indianapolis, ìdá 4.82 ni; nígbà tí wọ́n ka àwọn tó wà ní ilé ìtọ́jú arúgbó mọ́ wọn, ó di 8.24. Ọdún yẹn náà ni Ọ̀ṣúntòkun fi ayé sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì ló di iṣẹ́ náà mú n'Ìbàdàn.

Wọn kò sì fi mọ síbẹ̀. Bí àrùn bá ń tètè pa ènìyàn níbì kan, ìwọ̀nba díẹ̀ ni a óò máa bá láàyè, ènìyàn yóò sì rò pé àrùn náà ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n fi tọ ipasẹ̀ àwọn tí ara wọn dá, 2,459 n'Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis, kí wọ́n lè mọ iye àwọn tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú àrùn lọ́dọọdún. Ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2001: ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún n'Ìbàdàn, ìdá 3.24 ní Indianapolis. Ó ju ìlọ́po méjì lọ.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yé. Kò sọ pé Yorùbá kì í ṣarán, nítorí wọ́n bá a nínú Ìdíkàn. Ohun tó sọ ni pé àwọn tí ìran wọn sún mọ́ra lè ní ewu tó jìnnà síra nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé ayé. Àwọn àgbà Ìdíkàn kò kàwé, síbẹ̀ ewu wọn kéré ju ti àwọn tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti àsanjù kò pọ̀ lára wọn bíi ti àwọn ará Indianapolis. Máàkì ewu tí òṣùwọ̀n òkèèrè ìbá kà sí wọn lọ́rùn nítorí àìkàwé, àwọn nǹkan mìíràn ti dín in kù.

Nínú Ìdíkàn fúnra rẹ̀ pàápàá, ewu ẹnì kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti ẹnì kejì. Ní 2011, Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ni àrùn náà ń mú jù, àti pé àgbà tó bá ń rù láìnídìí yẹ kó wà lójú. Ọdún kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ tiwọn jáde. Àgbà 2,149 ni iṣẹ́ tiwọn fi bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí Yorùbá ń gbé, Èkó sì wà nínú wọn. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé àgbà tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ àwùjọ, tí kì í lọ sípàdé, tí kì í báwọn ṣeré, ni àrùn náà ń wá bá jù.

Jíìnì òbí kì í ṣe ìdájọ́

Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wa kan ní London tàbí Houston ti ń fi ohun èlò ìdánwò itọ́ ránṣẹ́ sílé, kí Màmá lè mọ̀ bóyá jíìnì Alzheimer wà lára àwọn. Jíìnì tí wọ́n ń wá ni APOE, pàápàá ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní e4. Láàárín àwọn òyìnbó, ẹni tó bá jogún e4 kan lọ́wọ́ òbí, ewu Alzheimer tirẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó bá gba méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ baba, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìyá, tirẹ̀ lè ju ìlọ́po mẹ́jọ lọ. E4 kò ṣọ̀wọ́n lára Yorùbá rárá. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wá a kiri ní Ìdíkàn, níní ẹyọ kan kò fi ewu kankan kún un fún ẹni tó ní in. Ó di ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí àkójọ àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ti pọ̀ sí i, kí wọ́n tó rí i pé ẹni tó jogún méjì ní ewu díẹ̀ sí i, kò sì tó ti àwọn òyìnbó.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní Africa Dementia Consortium, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Rufus Akínyẹmí ti Ìbàdàn wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, ti ń kó àwọn àgbà bí 5,000 jọ ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́sàn-án, kí a lè ka jíìnì tiwa lójú ara wa. Kí iṣẹ́ wọn tó parí, ẹ má fi èsì tí wọ́n ṣírò láti ara òyìnbó dá ìyá yín lẹ́jọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó ń wá àmì Alzheimer, ṣùgbọ́n ẹni tó ti pé ọdún 55, tí àmì àìsàn sì ti hàn lára rẹ̀, ni wọ́n fọwọ́ sí i fún. Kì í ṣe fún ẹni tí ara rẹ̀ dá tó kàn fẹ́ mọ̀la.

Lóòótọ́, ẹni tí òbí rẹ̀ ní àrùn yìí, ewu tirẹ̀ máa ń ga díẹ̀. Ṣùgbọ́n ogún òbí kì í ṣe jíìnì nìkan. A máa ń jogún bí wọ́n ṣe ń jẹ iyọ̀, bí wọ́n ṣe ń sá fún ilé ìwòsàn, àti ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn kò wò. Apá ogún yìí ni a lè kọ̀.

Òṣòdì òní kì í ṣe Ìdíkàn àná

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èsì Ìbàdàn, tó ní "ṣé ẹ rí i, àrùn yìí kò kàn wá," kò tíì gbọ́ ọ. Àwọn àgbà Ìdíkàn ọdún 1992 rìn púpọ̀, wọn kò jẹ ọ̀rá púpọ̀, agbo ilé ni wọ́n sì ń gbé, níbi tí àgbà kì í dá jókòó. Ta ni nínú wa tó ń gbé báyẹn ní Òṣòdì lónìí? Bí ìgbé ayé ló fa ìyàtọ̀ láàárín Ìdíkàn àti Indianapolis, àwa tí a ń gbé ìgbé ayé Indianapolis láìní ilé ìwòsàn Indianapolis ni ó yẹ kí ẹ̀rù bà jù.

Ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn Lancet gbé kalẹ̀, tí Ògúnníyì wa wà lára rẹ̀, ka ohun mẹ́rìnlá ní 2024 tó ń fi ewu kún ewu, tó sì ṣeé tún ṣe. Wọ́n ní bí a bá lè mú gbogbo wọn kúrò pátápátá, nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àrùn yìí láyé kò ní í wáyé, tàbí yóò pẹ́ kó tó dé. Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó ń gbé àárín wa nínú wọn.

Etí ni mo kọ́kọ́ mú. Etí tó ń di wà lára ohun méjì tó wúwo jù nínú ìṣirò wọn. Ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ ni èkejì. Ní Máfolúkù, bàálù ń kọjá lórí òrùlé. Lábẹ́ afárá Òṣòdì, kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ń pariwo, oníwàásù gbé gbohùngbohùn dání, jẹnẹrétọ̀ ń kígbe lẹ́nu ìsọ̀ gbogbo. Ariwo tó bá tó ìwọ̀n dẹ́síbẹ̀lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ń ba etí jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa á yẹra fún ọ̀rọ̀, ọpọlọ tí kò rí ọ̀rọ̀ gbọ́ á sì máa pàdánù iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn kan nínú àgbà 977 ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, wọ́n sì tẹjú mọ́ wọn fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí èsì jáde ní 2023, kò sí ìyàtọ̀ nínú gbogbo wọn lápapọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí ewu wọn ti ga tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà dín bí ọpọlọ wọn ṣe ń lọ sílẹ̀ kù ní ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ rí i pé wíwọn ewu wúlò: òun ló fi ẹni tí ìtọ́jú máa ràn lọ́wọ́ hàn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Awakọ̀ tó ti ń jà sí go-slow láti ìdájí, oníṣòwò tó ń ro owó àjọ, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ pé tiwọn ti ga. Iṣan tín-ín-rín inú ọpọlọ ló ń jìyà rẹ̀ jù. Ìgbìmọ̀ Lancet ní láti ẹni ogójì ọdún ni kí nọ́ńbà òkè nínú ìfúnpá má ti máa kọjá 130. Ìyẹn ni pé nígbà tí irun ṣì dúdú ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Kí a dúró di ọdún 70 ká tó wọ̀n ọ́n, ẹ̀pa ti lè má bóró mọ́.

Orí tó fara gbá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn bá òfin náà lọ, mi ò ní í fojú kéré ìyẹn. Síbẹ̀, ẹni tó mọ ohun tí kí orí lu títì láìsí akoto ń ṣe fún ọpọlọ kò ní í sọ pé òfin náà kò ní ìdí.

Èéfín ńkọ́? Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin pa nǹkan bí 11,200 ènìyàn láìpé ọjọ́ ní Èkó ní ọdún 2018. Ẹnu ọkọ̀ àjàgbé ọ̀nà Apapa sí Òṣòdì, iléeṣẹ́ Ìsọlọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ wa ni díẹ̀ lára rẹ̀ ti ń jáde. Kò sí ẹnì kan tó lè dá èémí tirẹ̀ yà sọ́tọ̀. Ìjọba ló ni èyí.

Mo wá sí ọ̀kan tó ń dùn mí jù, ìdánìkanwà. Ní Ajao Estate àti ní Òkè-Àfà, àwọn òbí wà tí gbogbo ọmọ wọn ti japa. Owó ń wọlé, oògùn ń dé, géètì wà ní títì, ọmọ ọ̀dọ̀ ló sì ń gbé oúnjẹ wá. Kò sí ẹni tí wọ́n ń bá jiyàn. Ohun tí ẹgbẹ́ Gureje rí láàárín wa nìyí gẹ́lẹ́.

Àtọ̀gbẹ, ojú tí a kò tọ́jú, sìgá, ọtí àmujù, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àsanjù, àìlo ara àti àìrílé-ẹ̀kọ́-lọ ni ìyókù. Ẹ mọ̀ wọ́n, mi ò ní í fa ọ̀rọ̀ wọn gùn.

Bí a ó ṣe wọ̀n ọ́n ní àdúgbò

Ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, kí ó wọn ìfúnpá àti ṣúgà rẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó súnmọ́ ọn. Kí ó jẹ́ kí wọ́n wo etí àti ojú rẹ̀. Kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì bí orí rẹ̀ bá ti fara gbá rí, bí ó ń mu sìgá, bí ọkàn rẹ̀ kò bá yá fún oṣù gbọọrọ, àti bí ẹnì kan nínú òbí rẹ̀ bá ṣarán kó tó pé 65. Àwọn èsì yìí lórí ìwé kan ni òṣùwọ̀n ewu tó wúlò jù fún ará Òṣòdì lónìí. Kò nílò kọ̀ǹpútà.

Fún àgbà, ẹ ṣe bí wọ́n ti ṣe ní Ìdíkàn: ẹ bi ẹni tó ń gbé pẹ̀lú wọn. Ṣé wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ nígbà gbogbo? Ṣé wọ́n ti sọnù lójú ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ rí? Ṣé ìkòkò ń jó mọ́ wọn lọ́wọ́? Ṣé owó ń dà rú mọ́ wọn lójú? Bí bẹ́ẹ̀ ni bá pọ̀, ẹ mú wọn lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ìsọlọ̀, kí wọ́n darí yín síwájú. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yaba láti 1907 kò jìnnà sí wa, kì í sì í ṣe ilé wèrè nìkan. Ẹ má sọ pé ọjọ́ orí ni, kí ẹ jókòó. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìtó fítámì B12, àìsàn ẹ̀yà ọrùn tí wọ́n ń pè ní tàírọ́ìdì, oògùn oorun, ẹ̀jẹ̀ tó dì sí agbárí lẹ́yìn ìṣubú, gbogbo wọn lè mú kí àgbà dà bí ẹni tó ń ṣarán, wọ́n sì ní ìtọ́jú.

Ìkìlọ̀ kan kù. Ewu kì í ṣe àrùn. Ẹni tí a sọ pé ewu rẹ̀ ga ṣì ni olówó owó rẹ̀ àti onílé ilé rẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí mo mọ ilé wa. Ọmọ kan lè gbọ́ èsì, kó yára lọ gba ìwé ilé lọ́wọ́ Bàbá, kó ní wọ́n ti ń ṣarán. Àṣírí aláìsàn ni èsì jẹ́, kí nọ́ọ̀sì pa á mọ́, kí ẹbí má sì fi ṣe ohun ìjà.

Ẹ̀bẹ̀ mi

Ẹ̀yin alákòóso ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ẹ fi àyẹ̀wò etí kún iṣẹ́ àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ẹ̀rọ ìfúnpá nìkan kò tó. Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ẹ gba nọ́ọ̀sì láyè lọ́jọ́ ìpàdé ọjà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ka àyẹ̀wò mọ́ ojúṣe rẹ̀ bí ẹ ti ń ka owó àjọ. Ẹ̀yin olórí ìjọ àti ìmáàmù, ẹ dín ìró gbohùngbohùn kù, kí ẹ sì yan àwọn tí yóò máa bẹ àgbà tó dá wà wò. Ẹ̀yin ọmọ tó wà lókè òkun, ẹ pe òbí yín lórí fóònù kí ẹ bá wọn jiyàn. Owó nìkan kò gbé iyè ró. Ẹ̀yin tó sì ti pé ogójì ọdún nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ má jẹ́ kí oṣù yìí parí kí ẹ tó wọn ìfúnpá yín. Bí òbí yín bá ṣì wà, ẹ mú wọn dání.